Ẹ Ka Ẹ̀yìn Plasma Kí Ẹ Tó Sanwó Ojú Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn jù, ìwé ìròyìn yín ni wọ́n ń kà. Iṣẹ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Láti ayé tẹlifíṣọ̀n onídìí gbàǹgbà ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n plasma ńlá tòkunbọ̀ máa kọ ohun tó jẹ́ gan-an sára rẹ̀, kí ó hàn sí oníbàárà kó tó kówó sílẹ̀, kí àwa tí à ń rà á náà má sì gbé e kúrò nílẹ̀ láìbèèrè.

Láìpẹ́ yìí, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà gbé oní-íǹṣì 50 kan wá bá mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló dáwó jọ pé kí màmá rí nǹkan gidi máa wò. Ọjà ńlá kan ni wọ́n ti rà á. Màmá ní àwòrán rẹ̀ dára, kìkì pé eruku kan wà lójú rẹ̀ tí òun nù títí tí kò lọ. Mo tan án, mo fi àwòrán funfun báláú sí i láti inú fíláàṣì tí mo fi ń ṣe àyẹ̀wò. Kì í ṣe eruku. Ìlà ni, ó tẹ̀ lé ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, òpó mẹ́rin gbọọrọ sì là wọ́n já. Mo sún mọ́ ọn. Lókè òpó kan, mo ka “Time”. Lókè òmíràn, mo ka “Gate”. Ibùdókọ̀ òfuurufú kan nílẹ̀ òkèèrè ni tẹlifíṣọ̀n yìí ti ṣiṣẹ́, tọ̀sán tòru, tí àwọn èrò fi ń mọ ìgbà tí bàálù wọn yóò gbéra àti ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Nígbà tí wọ́n lò ó tán, wọ́n kó o sínú àpótí ẹrù, ó sì di ti màmá tíṣà n'Íbàdàn.

Màmá fi ìka tọ “Gate” yẹn. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé kò ṣe é bá mi pa rẹ́ ni?” Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú, kò ṣe é pa rẹ́ mọ́.” Mo mọ bí owó yẹn ṣe rí lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó tà á fún wọn mọ̀. Kò sí bí kò ṣe ní mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí kò fi ṣe é pa rẹ́, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní í ṣòro fún un láti mọ ohun tó yẹ kó wò lọ́jà. Gíláàsì méjì ni wọ́n pa pọ̀ láti fi ṣe ojú plasma. Àárín wọn kún fún ihò wínníwínní tó lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì rọ afẹ́fẹ́ neon àti xenon sínú wọn. Bí iná bá gba inú afẹ́fẹ́ yìí kọjá, ìtànṣán kan tí ojú èèyàn kò lè rí yóò jáde, yóò kọlu lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi kun inú ihò kọ̀ọ̀kan: pupa níhìn-ín, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún, búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lẹ́búlẹ́bú yìí ló ń tàn tí a fi ń rí àwòrán, bí gílóòbù gbọọrọ funfun òkè àjà ṣe ń tàn gẹ́lẹ́. Bí ohun kan náà bá wá dúró sójú kan náà fún oṣù lórí oṣù, lẹ́búlẹ́bú ibẹ̀ yóò gbó ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, òjìji rẹ̀ yóò sì jókòó síbẹ̀. Kì í ṣe ti ibùdókọ̀ òfuurufú nìkan. Àmì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ òkè lè ṣe bẹ́ẹ̀, góòlù àti àkókò tó máa ń wà lókè bí wọ́n bá ń fi bọ́ọ̀lù hàn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí èyí tó wá láti òtẹ́ẹ̀lì, tí ìlà ìròyìn ìsàlẹ̀ kò kúrò lójú rẹ̀, ì báà jẹ́ sìnimá lẹ ń wò.

Kì í ṣe pé mo kórìíra plasma o. Nínú gbogbo tẹlifíṣọ̀n tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, òun ni mo fẹ́ràn jù. Níwọ̀n bí ihò kọ̀ọ̀kan ti ń tan iná ara rẹ̀, ibi tó bá yẹ kó ṣókùnkùn a máa ṣókùnkùn lóòótọ́, kò ní í ní àwọ̀ eérú bíi ti ọ̀pọ̀ LCD, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí iná ń tàn láti ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kì í fa ìrù lẹ́yìn. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ń rí ohun tí ẹni tó jókòó sáàárín ń rí, èyí sì wúlò púpọ̀ nínú pálọ̀ tiwa tí èrò kì í wọ́n. Ọdún 1964 ni Donald Bitzer, Gene Slottow àti Robert Willson ṣe irú ojú bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Illinois l'Amẹ́ríkà, fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó di 1997 kí oní-íǹṣì 42 aláwọ̀ mèremère tó dé ṣọ́ọ̀bù, iye rẹ̀ l'Amẹ́ríkà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000 dọ́là. Ní 2008, Panasonic gbé oní-íǹṣì 150 síta ní Las Vegas kí gbogbo ayé wá wò ó. Lẹ́yìn náà ni LCD àti LED (LCD tí gílóòbù LED wínníwínní ń tàn lẹ́yìn rẹ̀) wá ń fẹ́lẹ́ sí i, tí owó wọn ń já wálẹ̀. Panasonic jáwọ́ nínú ṣíṣe plasma ní òpin 2013, Samsung àti LG náà sì jáwọ́ ní 2014.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Bó bá jẹ́ plasma lóòótọ́ ni, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti jáde ní ilé iṣẹ́. Kò sí tuntun mọ́. Ẹni tó bá ní plasma tuntun wà nínú páálí lọ́dọ̀ òun, LED ló ń tà, torí gbogbo tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ni à ń pè ní plasma nílẹ̀ yìí. Èyí tó ń gbé ògbólógbòó plasma tà ní iye owó LED tuntun, abẹ́ orúkọ yìí kan náà ló fara pamọ́ sí. Bí ẹnì kan bá sì tún ní “4K plasma”, ìyẹn plasma tó ní irú àwòrán mímọ́ kedere ti òde òní, wà lọ́wọ́ òun, ẹ kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni òótọ́ wà. Àlẹ̀mọ́ kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí. Bó bá jẹ́ Samsung, tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PS tàbí PN, plasma ni, PN sì ni èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà. LE tàbí LN jẹ́ LCD. UE, UN tàbí UA jẹ́ LED. Ti Panasonic, TX-P jẹ́ plasma tó wá láti Yúróòpù, TC-P jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí L níbi tí P yẹn wà, LCD ni. LG a máa kọ́kọ́ kọ iye íǹṣì, lẹ́yìn náà lẹ́tà: 50P ohun yòówù kó tẹ̀ lé e, plasma ni, 50L, kì í ṣe plasma. Bí wọ́n bá ti ṣí àlẹ̀mọ́ yìí kúrò tàbí tí wọ́n fi nǹkan ha á, ẹ má rà á. Ẹni tó ha á mọ ohun tó ń bò mọ́lẹ̀.

Lára àlẹ̀mọ́ yẹn kan náà ni ẹ ó ti rí vólítì. Iná Amẹ́ríkà kò ju 120 vólítì lọ, tiwa jẹ́ 230 sí 240. Bí ẹ bá rí “110-120V” níbẹ̀, tí ẹ wá kì í bọ iná tiwa tààrà, ìró gbàù kan ni ẹ ó gbọ́, bọ́ọ̀dù tó ń gba iná sínú yóò sì ti lọ. Irú rẹ̀ kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù mi. Èyí tí wọ́n bá kọ “100-240V” sí kò ní ìyọnu. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò ní ìyọnu, iná wa àti tiwọn jọra. Ẹni tó bá fẹ́ lo ti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ra táńsífọ́mà tó ń dín iná kù, kó sì jẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ ju ti tẹlifíṣọ̀n náà lọ dáadáa. Ohun mìíràn tún wà tí ọlọ́jà kì í sọ: dẹkódà tiwa ń fi àwòrán 50 hertz, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò sì mọ̀ ju 60 lọ. Ẹ ó so wáyà HDMI pọ̀, ojú rẹ̀ yóò dúdú, tàbí kó ní òun kò gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ ra tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀, ẹ gbé dẹkódà ilé yín dání. Ẹ má tijú.

Ọ̀rọ̀ iná ló tún wá ṣe kókó jù. Oní-íǹṣì 50 plasma lè jẹ tó 350 wáàtì tí àwòrán bá mọ́lẹ̀ dáadáa, nígbà tí LED tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju 100 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ fún oṣù kan, plasma yóò jẹ yúnìtì 63, LED yóò jẹ 18. Láti oṣù kẹrin 2024 ni owó yúnìtì kan ti lé ní 200 náírà fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kí iná wà fún ní ogún wákàtí ó kéré tán lóòjọ́. Plasma nìkan yóò gba ohun tó ju 12,600 náírà lọ lóṣù, LED kò ní í ju nǹkan bíi 3,600 sí 4,000 lọ. Ẹni tó bá wà lórí sólà ni kó tilẹ̀ ronú jù. Bátìrì 12 vólítì oní-200Ah kan, irú èyí tó pọ̀ nílé àwọn èèyàn, kò dára ká lò ó kọjá ìdajì kó má bàa tètè kú, ìdajì yẹn sì jẹ́ 1,200 wáàtì fún wákàtí kan. Plasma yóò mu ún tán láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, kí bọ́ọ̀lù méjì tó parí. Ẹ kò tíì tan gílóòbù, ẹ kò tíì tan fáànù. Jẹnẹrétọ̀ àìbẹ́tà kékeré ńkọ́? Yóò gbé e, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kì í dúró sójú kan, bọ́ọ̀dù plasma kò sì fẹ́ràn iná tó ń lọ sókè sódò.

Lójú tèmi, ẹni tó bá wà níbi tí iná kì í ti lọ púpọ̀, tí pálọ̀ rẹ̀ kì í gba oòrùn, tó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù àti sìnimá, kó ra plasma bó bá rí èyí tí wọ́n ṣe ní 2012 tàbí 2013, tí ojú rẹ̀ mọ́, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ gidi ju ti LED lọ. Yóò gbádùn rẹ̀. Ẹlòmíràn tí kò bá bọ́ sínú irú ipò yìí, kó ra LED tuntun, kódà bó bá kéré sí i. Bí LED oní-íǹṣì 43 tó ń ṣiṣẹ́ bá wà nílé, ó sàn ju plasma oní-íǹṣì 60 tí a kò lè tàn lọ.

Nípa títóbi rẹ̀, láti kọ̀rọ̀ òkè sí kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀kánkán rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn íǹṣì, kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀. Oní-50 fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 111, láìka férémù. Kí ẹ wọn ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí kí ẹ tó kúrò nílé. Bí àga yín kò bá jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí ògiri, oní-50 ti tó yín, torí ọ̀pọ̀ plasma oní-42 àti oní-50 ni àwòrán wọn kò dé ìlà 1080, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù yóò máa rí ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì wúwo. Oní-50 kan lè tó kílò 30. Ògiri búlọ́ọ̀kù ni kí wọ́n gbé e kọ́, kì í ṣe ògiri páálí tí wọ́n fi pín yàrá.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fídíò orin tàn yín. Fídíò olórin tó ń fò síwá sẹ́yìn ni wọ́n máa ń fi sí i, àwọ̀ rẹ̀ a máa dán gbinrin, kò sì sí ẹni tó lè rí òjìji lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé fíláàṣì tiyín lọ, kí àwòrán funfun, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù àti dúdú wà nínú rẹ̀, ọmọ ilé ìwé lè bá yín ṣe é lórí fóònù. Ẹ fi funfun sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wo kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìsàlẹ̀. Ìlà tóóró tó bá dúró ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀ kì í sábà ṣe é tún ṣe, torí ara pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ojú gíláàsì rẹ̀, ló sábà ti ń wá, bí pánẹ́ẹ̀lì bá sì ti bàjẹ́, tẹlifíṣọ̀n ti kú nìyẹn. Kàpásítọ̀ tó wú ni a lè yọ, bọ́ọ̀dù tó jó ni a lè pààrọ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ bí a bá rí òmíràn tó ti kú tí a lè yọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn fún wákàtí kan ó kéré tán, torí ọ̀pọ̀ àìsàn plasma kì í fara hàn àfi tó bá gbóná. Kí ẹ wo orí àwọn ìdè ẹ̀yìn rẹ̀: bí wọ́n bá ti ha, ẹnì kan ti tú u rí. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ tún lè wọ inú mẹ́nù tí àwa oníṣẹ́ ń lò lára ọ̀pọ̀ LG àti Samsung, kó ka wákàtí tí ojú náà ti tàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ mú oníṣẹ́ dání bí ẹ bá lè rí.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn onímáíkírà wa, awakọ̀ takisí Ìbàdàn, náà. Plasma kì í sùn. Ní ìdúró ni wọ́n ń gbé e. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí àga ẹ̀yìn máíkírà, tí wọ́n wá kó sí gọ́tà kan lójú ọ̀nà, gíláàsì inú rẹ̀ lè là láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá, tí ojú àwọn tó rà á ṣì ń dán fún ìdùnnú.

Mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́jà kan yóò ní mo fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́. Rárá o. Ọlọ́jà kan wà n'Íbàdàn yìí tó ń lẹ tépù funfun mọ́ gbogbo tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ rẹ̀, tó ń fi máákà kọ ọ́ sí i: “Plasma, ti London, òjìji díẹ̀ lápá ọ̀tún.” Owó rẹ̀ wálẹ̀ bí òjìji yẹn ṣe tó, àwọn èèyàn sì ń rà á torí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà. N kò tíì rí oníbàárà rẹ̀ kan tó wá sunkún ní ṣọ́ọ̀bù mi. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n pè ní ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, tilẹ̀ ti sọ pé ẹni tó bá ń ta ọjà tí wọ́n ti lò rí tàbí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn gbangba sí ẹni tó fẹ́ rà á. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa dúró de àjọ náà. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ọlọ́jà lágbára lórí ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Kí wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ tí kò ní tépù: ṣé plasma ni tàbí LED, vólítì mélòó, wáàtì mélòó, orílẹ̀-èdè wo ló ti wá, kí ni àléébù ojú rẹ̀. Kí wọ́n sì ya àyè kan sọ́tọ̀ nínú ọjà tí iná rẹ̀ dúró dáadáa, kí oníbàárà lè tan ohun tó fẹ́ rà fún wákàtí kan láìsí pé ẹnì kan ń gbójú mọ́ ọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín, Olóòtú. Bí àyè bá wà, ẹ tẹ àwọn lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ nípa Samsung, Panasonic àti LG yẹn sínú àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà yìí, kí ẹni tó ń lọ sọ́jà lè gé e, kó fi sápò.

Èmi ni tiyín,

Oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.